Ojú Kan Tí Bàbá Olùkọ́ Fi Ń Wo Àgùàlà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Igbe ọdún tó kọjá, nínú ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, Jeremáyà Fálódún, bàbá tó bí ìyá mi, kú lórí ibùsùn rẹ̀ nínú ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú Ayédé-Èkìtì, lẹ́bàá ọ̀nà oko. Òun nìkan ló wà nínú ilé. Alhaji Súlè, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ra kòkó, ló kọ́kọ́ fura, nítorí pé ilẹ̀ ti mọ́ tán, kò sì gbọ́ ìró rédíò Bàbá láti ojú fèrèsé. Ó kan ilẹ̀kùn, ó pè é títí, kò gbọ́ èsì. Nígbà tó wọlé, ó bá a níbi tó kọjú sí ògiri bí ẹni tó ṣì ń sùn. Kò sí àìsàn kan tó dá a dùbúlẹ̀ ṣáájú. Àwọn ará ilé sọ pé ọjọ́ ogbó ló dé, èmi náà kò sì ní ìdí láti sọ ohun mìíràn.

N kò fẹ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú ti ṣe ìyẹn. Ó ka àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí Bàbá ti kọ́ni ní Ìkọ̀lé, ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu àti ní Òyè; ó ka ipò tó dì mú nínú ìjọ Áńgílíkà; ó to orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, mo kà á tán lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì, n kò rí Bàbá níbẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ìràwọ̀, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ tó ṣe ní ọdún díẹ̀ tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, òun ló sì fi ojú rẹ̀ wewu fún.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń kọ́ ní agbọ̀n híhun, àga kíkàn àti ìgbálẹ̀ ṣíṣe. Àwọn tó kọ́ ti di àgbà báyìí, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ: Bàbá Olùkọ́ kì í bá ọmọ parí agbọ̀n. Yóò fi ìbẹ̀rẹ̀ hàn ọ́, yóò wá fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, yóò sì máa wò ọ́ bí o ṣe ń ṣe é ní àṣìṣe. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, sọ fún mi níbi ìsìnkú pé òun sunkún ní ọjọ́ kan, òun bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ bá òun di etí agbọ̀n náà. Bàbá ní: "Bí mo bá dì í, agbọ̀n tèmi ni. Ṣé agbọ̀n tèmi lo fẹ́ gbé lọ ulé ìyá rẹ?"

Lẹ́yìn tí ìyá àgbà, ìyàwó rẹ̀, kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó o kúrò ní Ayédé. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kó wá sí Èkó. Ìyá mi, Bọ́sẹ̀dé, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Adó, ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè é. Ó kọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ó ń sùn nínú yàrá kan, ó sì ti ilẹ̀kùn àwọn yókù pa. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń wá ta ayò ti lọ sí itẹ́ òkú ìjọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá wá kí i láti yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni, ìta ni mo máa ń bá a, lórí àga kan ní ẹ̀yìn ilé, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Mo bi í ní ọjọ́ kan ìdí tí kì í fi wọlé bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ó ń fi ọ̀bẹ gé igi kan, kò gbé ojú sókè.

"Àṣàkẹ́, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ulé a máa tóbi."

Orí àga yẹn ni ohun gbogbo ti bẹ̀rẹ̀. Kò jókòó síbẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́. Ó jókòó síbẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ wà nínú ilé ní wákàtí tí ìyá àgbà máa ń tan àtùpà. Ìràwọ̀ ńlá kan sì ń yọ níwájú rẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, bí àlejò tó mọ ilé. Àgùàlà ni. Nítorí pé ó máa ń sún mọ́ òṣùpá tuntun, àwọn ènìyàn wa ń pè é ní ajá oṣù.

Ìràwọ̀ mìíràn wà tó mọ́lẹ̀ bákan náà, èyí tí àwọn tó ń lọ oko ní àfẹ̀mọ́jú máa ń rí ní ìlà-oòrùn. Bí Bàbá ti ń wo ìyẹn náà, ó kíyè sí i pé òun kò rí àwọn méjèèjì rí ní ọjọ́ kan náà. Bí ti ìrọ̀lẹ́ bá wà, ti òwúrọ̀ á di àwátì. Bí ti ìrọ̀lẹ́ bá sì lọ, kì í pẹ́ tí ti òwúrọ̀ fi ń dé. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ bóyá ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n. Ó sọ èyí fún mi ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ hàn.

Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n, ìwé sì ti sọ ọ́ tipẹ́. Mo la ẹnu. "Bàbá, ìyẹn ò le rárá, wọ́n ti—"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" Ó ti fò dìde. N kò rí irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí. "Mo mọ̀ pé ó wà nínú ìwé. Èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ díẹ̀ fún yín."

"Bí o bá sọ ọ́, o jẹ ẹ́ lẹ́nu mi nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, n kò sọ ọ́. A lè sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀ títí ẹ̀fọn yóò fi lé wa wọlé, ṣùgbọ́n a máa ń yí ibẹ̀ ká ni.

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ gbà wádìí rẹ̀ kò lè wá láti ibòmíràn ju ilé àgbẹ̀ oníṣu lọ. Àká iṣu rẹ̀ wà níwájú àga náà: àwọn òpó gíga tí a rì mọ́lẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, tí a máa ń so iṣu mọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè lẹ́yìn ìkórè. Àká náà ṣófo nígbà náà. Bí ladani bá ti pe ìrun mùgùríbì ní mọ́sálásí tó wà lápá ọ̀dọ̀ Alhaji, Bàbá, ọmọ Áńgílíkà, yóò jókòó sórí àga, yóò gbé ẹ̀yìn orí rẹ̀ lé igi kan tó kàn mọ́ ọn kí ojú rẹ̀ má baà kúrò ní àyè kan, yóò sì wo ibi tí Àgùàlà bá dé lára òpó. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ó ń so okùn ìko kan mọ́ ibẹ̀, kó lè mọ ìgbà tí ti ìrọ̀lẹ́ máa wọlẹ̀ gan-an, kó sì ka iye ọjọ́ tí ti òwúrọ̀ máa fi dé. Fún oṣù púpọ̀, mo rí i tí àwọn okùn náà ń gòkè láti òpó dé òpó, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ nígbà tí iṣu tuntun dé.

Súndé ni lébìrà tó ń bá a ro oko. Ó kó iṣu dé ní ọjọ́ kan tí Bàbá wà ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá okùn ìko tó dára lára òpó, ó tú wọn, ó sì fi so iṣu lọ rẹrẹẹrẹ. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá wọlé dé.

"Súndé, okùn mi dà?"

"Èwo nínú okùn, Bàbá? Àwọn tí ẹ so kalẹ̀ fún mi? Ẹ kú làálàá o. Wọ́n gbé uṣu dáadáa."

"Ta ló ní n so nǹkan kan kalẹ̀ fún ọ?"

"Há, Bàbá! Kí ni èèyàn tún ń fi okùn ṣe nínú àká?"

Bàbá dúró níwájú àká tó kún fọ́fọ́. Súndé ń wò mí, ó ń wò ó, kò mọ ohun tóun ṣẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ bínú. Bàbá fi ọwọ́ kan iṣu kan, ó wo okùn tó gbé e dúró, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Ó dáa. Lọ́dún yìí, uṣu la ó jẹ. Ó di ọdún mìíràn ká tó jẹ ìràwọ̀."

Ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ ni Àgùàlà máa ń lò kó tó tún ṣe irú àlọ àti àbọ̀ yẹn. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló dúró dè é.

Láàárín ìdúró yẹn ni mo ra awò awọ̀nàjíjìn fún un, irú èyí tí wọ́n ń ṣe lókè òkun láti fi wo ojú ọ̀run. Ó dúpẹ́ títí, ó gbàdúrà fún mi, ó sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù pẹ̀lú páálí rẹ̀. N kò rí i kó lò ó rí. Nígbà tí mo bi í, ó ní: "Èyí ti mọ ohun tó fẹ́ rí kó tó kúrò nílé." Tirẹ̀ ló ṣe. Ó yọ awò kan nínú gíláàsì ojú ìyá àgbà, ó fi lẹ̀ mọ́ orí páìpù omi; ó tọrọ awò kékeré tí àwọn tó ń tún agogo ṣe ń fi sójú lọ́wọ́ ẹnìkan ní Òyè, ó fi sí ìdí rẹ̀. Ó fi igi kan ìdúró fún un. Odidi oṣù kan ló fi ń gé páìpù náà, tó ń sún awò síwá sẹ́yìn, kó tó rí ewé igi ọ̀pẹ kan ní òkèèrè kedere. Ó pè mí lórí fóònù ní ọjọ́ yẹn. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pẹ. Ó ní: "Gíláàsì ìyá rẹ àgbà ṣì ń ríran."

Ìjà tó bá Alhaji jà kò ju ọ̀rọ̀ iná lọ. Alhaji gbé iná sólà kan kọ́ sórí ògiri rẹ̀ nítorí àwọn olè kòkó, iná náà sì ń da ìmọ́lẹ̀ sójú Bàbá. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí lórí ògiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

"Alhaji, iná yín ń jí mi ní ọ̀run gbé."

"Bàbá Olùkọ́, tí olè bá jí kòkó mi gbé, ṣé ìràwọ̀ ni mo máa gbé lọ sí ìwọ̀n?"

Ní ìkẹyìn, Bàbá gé agolo òróró kan, ó fi ṣe fìlà fún iná náà, ó gun àkàbà lọ dé e fúnra rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ sórí kòkó nìkan. Alhaji wo fìlà náà títí, ó ní àwọn kírísítẹ́nì ti fi iná òun jọ́ìnì ẹgbẹ́ akọrin. Ìjà parí síbẹ̀. Nígbà tí ààwẹ̀ dé lọ́dún tó kọjá, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Alhaji ṣínu tán, ó gbé èso dàbínù wá fún Bàbá. Òṣùpá tuntun wà lókè ìwọ̀-oòrùn, Àgùàlà sì wà nítòsí rẹ̀. Bàbá ní kó fi ojú sí páìpù. Òṣùpá ló kọ́kọ́ wò. Bàbá wá sún páìpù díẹ̀.

"Òṣùpá náà ni mo tún ń rí, ṣùgbọ́n ó ti kéré," ni Alhaji wí.

"Kì í ṣe òṣùpá. Àgùàlà ni."

"Ajá oṣù? Wàláì, Bàbá Olùkọ́, ó ti gé! Ta ló gé e jẹ?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí a bá fi awò wo Àgùàlà, kì í ṣe róbótó ní gbogbo ìgbà. Ó máa ń gé bí òṣùpá ṣe ń gé. Bàbá ti rí èyí láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti rí i pé bó ṣe ń sún mọ́ ibi tí oòrùn ń wọ̀ ló ń tín-ín-rín sí i. Nínú ìyẹn ló ti rí ọ̀nà tí kò nílò okùn mọ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi: bí ìràwọ̀ òwúrọ̀ bá jẹ́ òmíràn, ó lè wá bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìrọ̀lẹ́, tín-ín-rín ló máa padà wá, bó ṣe lọ. Ọjọ́ díẹ̀ péré ló sì ní láti fi rí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.

Ojú rẹ̀ ni kò dúró dè é. Ẹ̀ka igi kòkó ti gún ojú òsì rẹ̀ láti ìgbà èwe, kò sì fi í ríran mọ́. Ọ̀tún nìkan ló ń lò, awọ funfun sì ti ń bò ó. Ìyá mi mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdó, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Dókítà olójú yẹ ojú náà wò, ó ní iṣẹ́ abẹ lè ṣí awọ náà, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kó pẹ́. Ó fún wa ní ọjọ́ kan ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà.

"Dókítà, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìgbà wo ni mo lè máa jí wo ojú ọ̀run?"

"Ẹ ó fi í sinmi ná, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹlòmíràn ní àyè mi. N ó padà wá."

A padà sí Ayédé. Inú pálọ̀ ni ìyá mi ti bú jáde.

"Bàbá! Ojú kan ṣoṣo lẹ ní láyé, ìràwọ̀ lẹ fẹ́ fi tọrẹ!"

"Ojú ọ̀hún, ta ló ni í?"

"Ẹ̀yin lẹ ni í. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa fà yín lọ́wọ́ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀."

"Bọ́sẹ̀dé, èmi náà fà ọ́ lọ rí."

Mo rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì bí ìyá mi nínú jù. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ tó kàwé jókòó síbẹ̀, ò ń rẹ́rìn-ín! Sọ fún un! Ọ̀kan náà ni wọ́n, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà mọ̀ ọ́n! Ọ̀kan náà ni wọ́n, Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ ṣe ojú yín!"

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun náà mọ̀ pé ohun tí a ti ń yí ká láti ọjọ́ yìí lòun dà sílẹ̀ yẹn. Bàbá kò bínú. Ó wo iwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ wá apá àga, ó sì jókòó. Ó ní: "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ ò tíì sọ ọ́ fún mi."

Kò lọ ní ọjọ́ tí dókítà dá. Àgùàlà ń lọ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, títí ìrọ̀lẹ́ kan fi dé tí Bàbá pè mí pé òun kò rí i mọ́. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páìpù lọ sí òdì-kejì ilé ní àfẹ̀mọ́jú, ó ń kọjú sí ìlà-oòrùn. Ìyá mi ní kó mú Súndé dání kó má baà ṣubú. Ó kọ̀.

Fóònù mi dún ní òwúrọ̀ kan bí àwọn ènìyàn ti ń jáde láti ibi ìrun àsùbáà.

"Àṣàkẹ́, ó ti dé."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ó padà wá. Tín-ín-rín, bó ṣe lọ gan-an. Òun náà ni. Òun náà ni, ọmọ mi!" Ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kú, n kò gbọ́ kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i dáadáa?"

Mo gbọ́ àkùkọ lẹ́yìn rẹ̀. "Mo rí i."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Ta ló yẹ kó wà lọ́dọ̀ mi?" ni ó wí.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ó sọ fún ìyá mi pé òun ti ṣe tán láti lọ sí Ìdó. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mìíràn. Ó kú kí ọjọ́ náà tó pé.

Iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ ẹ̀rí wò, n kò sì lè ṣàì yẹ èyí. Mo bi Alhaji. Ó ní nígbà tóun ń bọ̀ láti mọ́sálásí ní òwúrọ̀ náà, ìkùukùu bo ìlà-oòrùn, òun tilẹ̀ rò pé òjò máa rọ̀ sórí kòkó òun. Mo bi Súndé. Ó ní ojú ọ̀run mọ́ kedere bóun ti ń lọ oko, òun rí ìràwọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ nínú, kò dá a lójú bóyá ọjọ́ náà ni tàbí ọjọ́ kejì. Ìyá mi sọ pé ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, òun dúró sí ẹnu ọ̀nà níwájú Bàbá, ó sì bi òun pé, "Ta nìyẹn?" Ohun tí Bàbá sọ pé òun rí bá ohun tó wà ní ojú ọ̀run ní ọ̀sẹ̀ náà mu, mo ti wádìí èyí, kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun náà ló ti ń retí láti rí, ọmọ rẹ̀ sì ti sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò sí ẹlòmíràn tó fi ojú sí páìpù ní òwúrọ̀ náà.

A kò mọ̀ bóyá ó rí i.